Ti ara ẹni la fi ń kọ́ ọ: bí ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Òde ṣe lè mọ iṣẹ́ ìkànnì ṣíṣe

Bí èèyàn bá gba òpópónà Fọlágbadé kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, kò ní béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ aránṣọ náà. Aṣọ tó fi kọ́ síta ló máa wò. Bí ọrùn agbádá ibẹ̀ bá gún régé, oníbàárà á jókòó, ọ̀rọ̀ owó á sì bẹ̀rẹ̀. Bí ọrùn náà bá wọ́, ìwé-ẹ̀rí mẹ́wàá tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri kò lè gba aránṣọ náà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìkànnì ṣíṣe rí, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe àwọn ojúewé tá à ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń san owó gidi fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kéékèèké kí ọmọ wọn lè mọ iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, ọmọ á gba ìwé-ẹ̀rí tó ń dán, wọ́n á ya fọ́tò, inú ìyá á sì dùn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún un bá béèrè pé, "Èwo lo ti ṣe rí?", ẹnu ọmọ á wọhò.

Ohun tá a fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni pé ọ̀nà tó dára jù láti mọ iṣẹ́ yìí, tí kò sì gba owó púpọ̀, ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ìkànnì ti ara rẹ̀, èyí tí yóò máa fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn fún gbogbo ayé. Òun làwọn òyìnbó ń pè ní portfolio. Ẹ sì wò ó, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń kọ́lé tá a tún fi ń kọ́ṣẹ́ nínú èdè Yorùbá. Ẹni tó bá ń kọ́ ìkànnì ara rẹ̀ ń ṣe méjèèjì pọ̀ ni. Bó bá ṣì í kọ́, kò sí oníbàárà tó máa bínú. Bó bá wó o tó tún un kọ́ nígbà márùn-ún, owó ẹnikẹ́ni kò ṣòfò. Nígbà tó bá sì parí, ohun tó fi kọ́ṣẹ́ náà ni yóò di ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ló wà nínú ìkànnì gan-an? Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Tim Berners-Lee ló dá ọgbọ́n náà lé ní ọdún 1989, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Geneva ní Switzerland. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 1993, CERN kéde pé àwọn yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Ìdí rèé tí ọmọ Ìjẹ̀bú kò fi ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó kọ́ ìkànnì tirẹ̀. Èdè mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. HTML ni egungun rẹ̀, òun ló ń sọ pé àkọlé nìyí, ìpínrọ̀ nìyí, àwòrán nìyí. CSS ni aṣọ àti ọ̀ṣọ́, ìyẹn àwọ̀, bí lẹ́tà ṣe tóbi tó, àyè tó wà láàárín nǹkan kan sí èkejì. Håkon Wium Lie, ọmọ Norway, ló dábàá rẹ̀ ní ọdún 1994. JavaScript, tí Brendan Eich ṣe ní ọdún 1995, ló ń mú kí ojúewé máa dáhùn nígbà téèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò ẹ̀kẹta yìí rárá fún oṣù kìíní. HTML àti CSS tó láti kọ́ ìkànnì tó bójú mu.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: iṣẹ́ yìí kò gba dátà láti kọ́. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, kódà kó jẹ́ àlòkù, yóò rí Notepad nínú rẹ̀. Yóò kọ kóòdù rẹ̀ síbẹ̀, yóò fi pamọ́ pẹ̀lú orúkọ index.html, yóò tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, Chrome tàbí èyí tó bá ń lò á sì ṣí i fún un bí ẹni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà táwọn ọ̀dọ́ ń sùn sí káfẹ́ nítorí owó òru tó rọjú. Bí wọ́n bá ti lé wọn síta ní ìdájí, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. Ti ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Iná mànàmáná ṣì lè yọ èèyàn lẹ́nu, ìyẹn ò yí padà, ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti kún, wákàtí méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tógíráfà kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó la ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ nílùú wa. Ó máa ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ó sì máa ń wà níbi Ojúde Ọba lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn rẹgbẹ́rẹgbẹ́ bá ń jó wọlé pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, tí àwọn ìdílé Balógun sì ń fi ẹṣin dárà níwájú ọba. Ní ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tòun ti sìgá lẹ́nu, tàn dé gbogbo àgbáyé. Mélòó nínú wa tó fi í ránṣẹ́ síra wa ló béèrè pé ta ló ya àwòrán tó wà lọ́wọ́ wa? Fọ́tógíráfà tí kò bá ní ilé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán rẹ̀ á rìn jìnnà, orúkọ rẹ̀ á sì jókòó sílé. Awùjalẹ̀ Sikiru Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1960, wàjà ní oṣù keje, ọdún 2025. Ẹni tó bá ní àwòrán ọba náà níbi Ojúde Ọba ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè tún yà mọ́. Bó bá jẹ́ inú fóònù nìkan ló wà, olè kan ṣoṣo tàbí omi ìwẹ̀ kan ṣoṣo ti tó láti pa á run.

Fọ́tógíráfà wa yìí fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìkànnì. Ojúewé kan ṣoṣo ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kó kọ orúkọ rẹ̀ sókè pátápátá, nínú àmì h1, èyí tó dúró fún àkọlé tó ga jù. Lábẹ́ rẹ̀, gbólóhùn kan tàbí méjì tó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe àti ìlú tó wà. Lẹ́yìn náà, àwòrán mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó dá a lójú jù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àlàyé kékeré tirẹ̀. Nísàlẹ̀, ọ̀nà téèyàn lè gbà bá a sọ̀rọ̀. Ó parí. Kò sí ohun tó ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára bíi kó fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́rin kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ǹtì.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni ká wá dúró lé díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ olùkọ́ iṣẹ́ yìí kì í débẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀, nítorí náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àtẹ nọ́ńbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ń lò, tó ń jẹ́ ASCII, kò ju àyè 128 lọ, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ló wá ń ṣètò àyè fún lẹ́tà gbogbo èdè. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ pamọ́ sínú fáìlì tó gbilẹ̀ jù ni UTF-8. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kọ Yorùbá sórí ìkànnì rẹ̀, kó kọ meta charset="utf-8" sí apá òkè kóòdù náà, níbi tí wọ́n ń pè ní head, kó sì rí i pé ọ̀nà UTF-8 náà lòun gbà fi fáìlì pamọ́. Bí kò bá ṣe é, Ìjẹ̀bú-Òde lè di àpapọ̀ lẹ́tà jágbajàgba tí kò sẹ́ni tó lè kà á.

Ìyẹn nìkan kọ́. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ̀ tó ní àmì lórí tó tún ní tìsàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá dúró. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ni pé ó máa kọ ẹ, á wá kọ àmì ohùn tẹ̀lé e, á sì gbé èkejì lé orí èkíní. Àwọn irú lẹ́tà kan mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lé e, àwọn mìíràn kò mọ̀ ọ́n. Àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó lọ dúró lórí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yan irú lẹ́tà tó ṣeé fọkàn tán, bíi Noto Sans tí Google ń fi tọrẹ, kó sì wo ojúewé náà lórí fóònù méjì tàbí mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Kó tún kọ lang="yo" sínú àmì html tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé Yorùbá ni èdè ojúewé náà. Ní ti títẹ̀ ẹ́, Gboard orí fóònù ní bọ́tìnnì Yorùbá. Èèyàn lè tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan á ní irú wàhálà wo nìyí, ṣé kò ṣeé kọ láìfi àmì sí i ni? Ẹ jẹ́ kí fọ́tógíráfà wa kọ ọ́ sórí ìkànnì láìfi àmì sí i pé òun ń ya "oko tuntun". Ṣé ọkọ tuntun tó ń gbéyàwó ni, àbí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà, àbí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán? Oníbàárà tó ń wá ẹni tó máa ya ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kò ní jókòó máa yanjú àlọ́.

Lẹ́yìn èyí ló kan bí àwòrán ṣe wúwo tó. Àwòrán kan láti inú fóònù òde òní lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹni tó bá kó mẹ́wàá irú rẹ̀ sójú kan ń sọ fún àlejò pé kó san nǹkan bí ogójì mẹ́gábáìtì kó tó lè mọ ẹni tí òun jẹ́. Ìyá tó ń tajà ní Òkè-Àjé, tó ra dátà kékeré tó fẹ́ fi lo ọ̀sẹ̀ kan, kò ní dúró. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dín fífẹ̀ àwòrán kù sí nǹkan bíi píksẹ́lì 1200, kó sì fún un pọ̀ títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi wà ní nǹkan bíi kílóbáìtì 200. Mẹ́wàá rẹ̀ kò ní ju mẹ́gábáìtì méjì lọ. Kó má sì gbàgbé láti kọ alt sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òun ni ẹ̀rọ máa ń kà fún àwọn tí ojú wọn kò ríran, òun náà ló sì máa hàn bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá gbé àwòrán wọlé.

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlà kan wà tó ń sọ fún fóònù pé kó fi ojúewé sí ìwọ̀n ara rẹ̀: meta name="viewport" content="width=device-width, initial-scale=1". Láìsí i, fóònù á rò pé ojú kọ̀ǹpútà ńlá ni wọ́n ṣe é fún, á sì sọ gbogbo lẹ́tà di bíńtín. Ní ti CSS, àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti tó. A mọ̀ pé Ìjẹ̀bú fẹ́ràn fàájì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí fàájì náà wà nínú àwòrán, kó má ṣe wà lára ògiri tí wọ́n gbé àwòrán kọ́ sí.

Àwọn ẹ̀rọ onílàákàyè àtọwọ́dá ti wà báyìí tó lè kọ odidi ìkànnì láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣé kí akẹ́kọ̀ọ́ lò wọ́n? A ò rò pé ó burú láti bi wọ́n ní ìbéèrè, bí èèyàn ṣe ń bi ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòdù tí ọmọ kò lè ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, tí oníbàárà sì dúró sí i lórí, yóò hàn gbangba. Ọ̀nà mìíràn tá a gbà pé ó wúlò jù ni kó máa wo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn: bó bá ṣí ìkànnì kan tó wù ú lórí kọ̀ǹpútà, kó tẹ Ctrl àti U pọ̀, kóòdù HTML rẹ̀ á hàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́ yìí lónìí, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku gbígbé e jáde. GitHub, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, ní ètò kan tó ń jẹ́ GitHub Pages tó ń gba ìkànnì irú èyí sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á forúkọ sílẹ̀, á kó fáìlì rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á sì fún un ní àdírẹ́sì tó ní orúkọ tó yàn, tí github.io tẹ̀lé. Ohun kan sábà máa ń kó ìdààmú bá àwọn ọmọ níbí. Lórí Windows, Aworan.JPG àti aworan.jpg kò yàtọ̀ síra. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè jẹ́. Àwòrán tó hàn kedere nílé á pòórá lójú ayé. Kí wọ́n máa fi lẹ́tà kékeré sọ gbogbo fáìlì wọn lórúkọ, láìfi àlàfo sí i, ọ̀rọ̀ tán.

Àwọn kan á béèrè pé, nígbà tí Instagram àti Facebook wà, kí ni wọ́n ń kọ́ ìkànnì fún. Ilé àyágbé ni ìwọ̀nyẹn. Onílé lè tìlẹ̀kùn nígbàkígbà. GeoCities bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994, àìmọye èèyàn ló sì kọ́ ojúewé wọn síbẹ̀. Yahoo tó rà á tì í pa ní ọdún 2009, ọ̀pọ̀ ojúewé sì bá a lọ. Nílé wa níbí, ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter ní oṣù kẹfà, ọdún 2021, kò sì ṣí i padà títí di oṣù kìíní, ọdún 2022. Oníṣòwò tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan làwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́n, oṣù méje ló fi ń wá wọn kiri. Ẹnì kan lè sọ pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni GitHub náà wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fáìlì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, ó sì lè dì í lẹ́rù lọ síbòmíràn láàárín wákàtí kan.

Bí owó bá ti yọ díẹ̀, kó ra orúkọ ìkànnì tirẹ̀, bóyá èyí tó parí sí .ng tàbí .com.ng tí ẹgbẹ́ NiRA ń bójú tó. Orúkọ yìí kì í ṣe àrà-gbé. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ àti ímeèlì rẹ̀ gan-an ni kó fi rà á. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá wọn ṣe ìkànnì ló fi orúkọ ara rẹ̀ ra ti wọn. Nígbà tí ìjà dé, wọ́n rí i pé àwọn kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ lórí orúkọ ilé-iṣẹ́ ara wọn.

Ẹni tí kò tíì ní oníbàárà rárá ńkọ́, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjàgun, tí iṣẹ́ ìkànnì fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tó fẹ́ fi hàn? Kó wá iṣẹ́ gidi mẹ́ta ṣe fún àwọn tó sún mọ́ ọn: ojúewé fún rẹgbẹ́rẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, àkókò ìrun tàbí ìsìn fún mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, iye owó gàárì Ìjẹ̀bú fún àǹtí tó ń tà á. Kó wá kọ ọ́ síbẹ̀ láìfi bò pé òun ṣe é láti fi kọ́ṣẹ́ ni. Kó má ṣe sọ pé òun bá ilé-iṣẹ́ ńlá kan ṣiṣẹ́ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yahoo ti mú kí àwọn tó wà lókè òkun máa wo orúkọ wa lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n máa ń ṣèwádìí, irọ́ kan ṣoṣo sì tó láti pa iṣẹ́ mẹ́wàá. Fọ́tógíráfà náà ní tirẹ̀: kó gba àyè lọ́wọ́ oníbàárà kó tó gbé ojú wọn síta, pàápàá ojú ọmọdé. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Kí ẹnikẹ́ni má sì kọ nọ́ńbà ilé tó ń gbé sórí ìkànnì. Ìlú tó wà ti tó. Fún ìbánisọ̀rọ̀, àdírẹ́sì wa.me/ tí 234 àti nọ́ńbà WhatsApp tẹ̀lé, láìsí òdo iwájú, yóò mú àlejò lọ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó gbé fóònù fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí, ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó ní kí wọ́n ṣí i, kó sì pa ẹnu mọ́. Kó máa wo ibi tí àtàǹpàkò wọn ń lọ. Bí wọ́n bá dúró pẹ́ kí àwòrán tó hàn, àwòrán ṣì wúwo. Bí wọ́n bá ń fi ìka méjì fẹ lẹ́tà, lẹ́tà ti kéré jù. Bí wọ́n bá sì gbójú sókè tí wọ́n béèrè pé, "Níbo lèèyàn ti máa rí nọ́ńbà rẹ?", kó gbé nọ́ńbà náà lọ sókè lálẹ́ ọjọ́ yẹn.